O Ní O Ti Tún Òǹkà Àlejò Ṣe

O ní o ti tún un ṣe! Octav, jọ̀ọ́, tún un sọ kí etí mi gbọ́ ọ dáadáa. O ní òǹkà àwọn tó ń wo ojú òpó ayélujára abúlé wa ti bọ̀ sípò, o ní àlejò kọ̀ọ̀kan ti padà ní orúkọ ìlú tó ti ń wá, o sì jókòó síbẹ̀ o ń rẹ́rìn-ín sí mi bíi pé mo fẹ́ fún ọ lẹ́bùn. Má dìde. Mo ní má dìde! Èmi Zenovia ni mo gbé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí àlùfáà rì ọ́ bọ omi tó o ń han bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, èmi ni ìyá ìsàmì rẹ, lónìí wàá gbọ́ tẹnu mi tán kó o tó lọ ibikíbi.

Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹ̀rọ náà ké sí ọ ni? Jẹ́jẹ́ ló wà níbí nínú gbọ̀ngàn abúlé, ó ń kùn ní igun rẹ̀, ó ń gbé ojú òpó wa, èmi ń ya fọ́tò kànga, fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ìsìnkú, mò ń gbé e síbẹ̀ kí àwọn ọmọ wa tó fọ́n ká Ítálì àti Sípéènì lè máa rí ilé. Bí mo bá ti tú àwọn adìyẹ mi sílẹ̀ láàárọ̀, ohun tó kàn ni kí n ṣí ojú ìwé òǹkà. Ìwọ rò pé iye ni mò ń wò, àbí? Kí ni mo fẹ́ fi iye ṣe! Ìlú kan ṣoṣo ni mò ń wá nínú gbogbo rẹ̀. Tromsø, ní ilẹ̀ Nọ́wè, níbi tí Sabin ọmọ mi ń bá wọn pẹja.

O mọ ohun tó lé e lọ. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní abúlé Sorbu yìí? Nistor ọkọ mi, Ọlọ́run dárí jì í, ó dúró lẹ́nu géètì, ó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó ní géètì yìí kò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ mọ́. Nítorí pé ọmọ ní òun ò lè máa ṣọ́ igi púlọ́ọ̀mù títí òun ó fi hewú! Ọmọ sì gbọ́rọ̀ sí bàbá lẹ́nu, ó lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí Nistor kú, kò wá. Nọ́ńbà tó fún mi kò dún mọ́. Ẹ gbà mí o, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rí i nínú òǹkà. Àràárọ̀, ní wákàtí tí mo ń tú adìyẹ sílẹ̀, ẹnì kan ń ti Tromsø wá. Kì í wo ìgbéyàwó, kì í wo kànga. Fọ́tò géètì mi ló ń ṣí, òun náà ló sì ń wò tí á fi lọ. Géètì mi, Octav! Mo kun géètì náà láwọ̀ búlúù, mo tún un yà, ó pẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ti àtẹ̀yìnwá. Mo gbé abọ́ sármálẹ̀ sórí òpó géètì, mo yà á, ewé kábéèjì tó fẹ́ràn pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀, ó wò ó. Báyìí ni èmi àti ọmọ mi ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ fún ìwọ gan-an, nítorí mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́ síta, yóò dúró. Ìyẹn ni mo ní láyé. Ìyẹn ni ọwọ́ rẹ bà jẹ́.

O ní ètò inú ẹ̀rọ ti gbó. O ní àwọn olè orí ayélujára lè wọlé. Ó dáa, o fi tuntun sí i, o sì tún gbé aṣọ́nà kan síwájú rẹ̀ kí gbogbo àlejò máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Òní ni mo gbọ́ nípa aṣọ́nà, o kò sọ fún mi nígbà yẹn! Òǹkà kò wá rí ojú àlejò mọ́, ojú aṣọ́nà nìkan ló ń rí, aṣọ́nà sì ń gbé inú ẹ̀rọ kan náà, ló bá ń kọ ọ́ pé gbogbo wọn, gbogbo wọn pátá, láti inú gbọ̀ngàn Sorbu níbí ni wọ́n ti ń wá.

Mo ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí Tromsø. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, wákàtí kan náà, fọ́tò géètì kan náà, ó ṣí i, ó lọ. Níbo ló wá ti wá? Ní abúlé wa níbí! Mo pariwo, mo jó nínú ilé ìdáná, mo ní ọmọ mi ti dé, ojú ló ń tì í, ó ń fara pa mọ́ sí ibì kan. Mo sáré lọ bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó ní òun ò gbé àlejò kankan. Mo ń kan ilẹ̀kùn kiri, wọ́n ń wò mí tìyanu-tìyanu. Mo wá síbí, nínú gbọ̀ngàn yìí, mo rò pé mo máa bá a lórí àga. Kò sí ẹnì kan. Àga tó o jókòó lé yìí ṣófo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo wá jókòó sí iwájú ẹ̀rọ yìí gan-an kí wákàtí rẹ̀ tó tó. Mo ti ilẹ̀kùn. Oòrùn ń wọlé lójú fèrèsé, kò sí ohun kan tó ṣókùnkùn nínú yàrá náà, o gbọ́ mi? Iná kékeré yẹn ń ṣẹ́jú. Mo ń wo ojú ìwé òǹkà. Ó sì wá. Níwájú mi níbẹ̀, ó kọ ọ́ pé ẹnì kan ń wo géètì mi láti inú yàrá yìí, èmi nìkan ló wà nínú yàrá yìí, n kò sì ṣí géètì kankan. Mo ní, “Sabin?” Mo tún pè é. Mo ní, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ nìyẹn?” Ẹ̀rọ ń kùn. Otútù mú mi láti ọrùn dé gìgísẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni.

Ta ni ń wá sílé tí ojú kì í rí? Dá mi lóhùn! Ọmọ Sorbu ni ọ́, ìyá rẹ gbé omi sójú fèrèsé nígbà tí bàbá rẹ kú, o sì mọ̀ pé ọkàn òkú ló ń gbé e fún. Òkun ti gbé ọmọ mi, ọkàn rẹ̀ ti rìn wálé, kò lè wọ inú ọgbà nítorí èpè bàbá rẹ̀, ó wá ń dúró lẹ́nu géètì. Kí ni ìwọ ì bá rò bó bá jẹ́ ìwọ?

Mo sì wá bá ọ! Má gbójú sílẹ̀, wò mí. Mo wá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, o ń jẹ èso òdòdó oòrùn, o ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi ọ́ pé, Octav, ṣé lóòótọ́ ni pé níbí ni ẹni náà ti ń wá? O kò bojú wo òkè. O ní, “Màmá ìsàmì, ohun tí ẹ̀rọ bá kọ náà ni, ẹ̀rọ kì í parọ́.” Ẹyin lohùn, Octav, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́! Bó o bá ti sọ pé dúró, jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ojú kan péré ni ọ̀rọ̀ yìí ì bá parí sí. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti tu èèpo sílẹ̀.

Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ, mo gbé omi àti aṣọ ìnujú sójú fèrèsé. Bàbá Visarion, àlùfáà wa, ní, Zenovia, a ò rí òkú, a ò gbọ́ ìròyìn, má kánjú. Mo ní, Bàbá, ẹ̀rọ kì í parọ́. Mo sunkún sí i lọ́rùn títí ó fi gbà. Mo se àlìkámà òkú, mo fi ṣúgà ya àgbélébùú sí i lórí, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yọ àbẹ́là ọmọ mi kúrò lápá àwọn alààyè, ọwọ́ èmi fúnra mi ló yọ ọ́, mo gún un mọ́ iyanrìn lápá àwọn òkú. Bàtà rẹ̀, mo fún Anghel olùṣọ́ àgùntàn. Anghel ń wọ̀ ọ́ kọjá níwájú ilé mi báyìí, ẹsẹ̀ ọmọ mi ni mò ń gbọ́, mo sì ń dìde ní gbogbo ìgbà. Aládùúgbò mi ń tù mí nínú, ó ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Mo gbà á gbọ́. Ọlọ́run dárí jì mí, mo tiẹ̀ sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo wá gbé e sójú òpó. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Gbogbo òkú Sorbu ló ń lọ síbẹ̀. Mo gbé fọ́tò rẹ̀, èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín lórí àkàbà lábẹ́ igi púlọ́ọ̀mù, mo fi rìbọ́n dúdú sí igun rẹ̀, mo kọ ọ́ pé “Sabin, ọmọ Nistor àti Zenovia, sinmi.” Mo fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí àwọn èèyàn tan àbẹ́là orí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀. Wọ́n tàn án, wọ́n kọ ọ́. Mo ka gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, ìwọ wá dé! Ẹnì kan ní Ìlú Ọba fẹ́ mọ iye tó ń wo fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀, ìyẹn lo fi rántí òǹkà. Nítorí ìgbéyàwó! O jókòó, o kọ ìlà kan péré, o ní aṣọ́nà gbọ́dọ̀ máa dárúkọ àlejò, kó má dárúkọ ara rẹ̀. Ìlà kan, Octav! Mo sin ọmọ mi nítorí ìlà kan. O wá ń yangàn, o ní aṣọ́nà ti ń tọ́jú orúkọ ìlú wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, o ní o ti kó gbogbo ọjọ́ tó sọnù padà, o ní, “Ẹ wá wò ó, Màmá ìsàmì, kò sí èyí tó bọ́.”

Mo sì wò ó. Tromsø. Tromsø. Àárọ̀ tí mò ń kan ilẹ̀kùn kiri, Tromsø. Àárọ̀ tí mo ti ilẹ̀kùn tí mò ń pe orúkọ rẹ̀ nínú yàrá yìí, Tromsø ló wà, ó ń wo géètì. Àárọ̀ tí mò ń pò ṣúgà mọ́ àlìkámà. Àlàáfíà ló wà! Ó sì ṣí ojú ewé rìbọ́n dúdú náà, Octav. Ó ṣí i. Kò tètè kúrò níbẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ lórí àkàbà, ó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó kọ ọ́ pé sinmi. Ó tan àbẹ́là kan, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo ti rí ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Kò sí orúkọ lábẹ́ rẹ̀, mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn obìnrin abúlé ni. Òní tó o tún ẹ̀rọ ṣe ni mo rí i pé Tromsø ló ti wá. *Bogdaproste*, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó bá gba oúnjẹ òkú lọ́wọ́ wa máa ń sọ kó tó fi kan ẹnu. Ọmọ mi gba sàráà òkú ara rẹ̀, ó sì dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́. Wò ó fúnra rẹ, yí i sísàlẹ̀, yí i. Ṣé o rí Tromsø kankan lẹ́yìn rẹ̀?

Kí lo sọ? Pé róbọ́ọ̀tì orí ayélujára ni, kì í ṣe Sabin? Róbọ́ọ̀tì ilẹ̀ Nọ́wè wo ló mọ bogdaproste? Ará wa mìíràn tó wà níbẹ̀? Kí ni ará wa mìíràn ń fi géètì mi ṣe láràárọ̀? Fi èyí sílẹ̀, ọmọ mi, o ò lè parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Kí n tó padà wá bá ọ níbí, mo ti yọ rìbọ́n kúrò. Mo ti ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, mo yà á bẹ́ẹ̀, mo gbé e síwájú gbogbo fọ́tò. Títí di báyìí, ta ló wò ó? Àwọn ará Ítálì. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ Anghel, àbẹ́là sì ti jó tán nínú iyanrìn, n kò lè yọ ọ́. Ó rò pé bí bàbá ṣe lé òun ni ìyá náà ṣe sin òun kí ọkàn ìyá lè balẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé èmi gan-an ò mọ̀ mọ́ bóyá ó ṣì wà láàyè. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti sin, tó sì dáhùn pé bogdaproste, kí ló kù tó ń dì í mú sáyé? Òkun wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Nítorí náà, pa ẹ̀rọ yẹn. Pa á! Ó mọ ìlú, kò mọ ilé, kò wúlò fún mi mọ́. Má sọ iṣẹ́ fún mi, má sọ ìyàwó fún mi, èmi àti ìyàwó rẹ ti sọ̀rọ̀, òun ló ń di ẹ̀wù òtútù rẹ lọ́wọ́ báyìí. Ìwọ ló máa wa mọ́tò, ìwọ ló máa bi àwọn apẹja léèrè nítorí ìwọ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. A ó máa kan ilẹ̀kùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Tromsø títí ẹnì kan á fi ṣí i tó ní ojú Nistor. Èmi ò ní sọ̀rọ̀ kankan. Mo kàn fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ó gbóná.