Ikọ́ Tí Màámi Gbé Mì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lọ́mọ rere mọ́. Láti àárọ̀ tẹ́ ẹ ti ń wọlé wá bá wa kẹ́dùn lẹ ti ń nawọ́ sí àdògán tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, tẹ́ ẹ ń sọ pé, "Ọmọ tó gbé irú èyí wá fún ìyá, ọmọ gidi ni." Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí Màámi bí gan-an, ẹ nu ojú yín nù kẹ́ ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀yin ìyá mi àdúgbò, ẹ má tíì dìde. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun, mi ò sì lè mú un pa mọ́ mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wọ́n ní àìsàn àyà ló pa Màámi. Èmi ni mo pa á.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun ló bí mi. Ìyá mi kú, Màámi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé mi pọ̀n, ó sì ń pè mí ní Kékeré títí irùngbọ̀n fi hù mí. Nígbà tí mo ríṣẹ́ àdògán yìí, òun ló kọ́kọ́ jó. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà lọ́nà jíjìn tí èéfín rẹ̀ ń bo ojú ọ̀run. Dípò kí wọ́n dín tiwọn kù, wọ́n ń sanwó fún wa pé ká dín èéfín kù nílé ìdáná tiyín, kí wọ́n lè kà á mọ́ tiwọn, kí wọ́n sì sọ fún aráyé pé ọwọ́ àwọn mọ́. Ó dà bí ẹni tó da ilẹ̀ sójú títì, tó wá ń sanwó fún ẹlòmíì kó gbá ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀.

Àwa la kó àdògán wá. Àwa náà la ní kẹ́ ẹ wó ààrò yín tó wà ní gbangba, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín lọ, kẹ́ ẹ wọlé wá máa dáná, torí páìpù àdògán tuntun á gbé ìwọ̀nba èéfín rẹ̀ jáde. Bó sì ṣe rí nìyẹn níbẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tá a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Olófòófó, torí ó ń mọ̀ bí iná bá jó, ó ń mọ̀ bí èéfín bá pọ̀ nínú ilé, á sì ròyìn fún ọ́fíìsì wa àti ilé-iṣẹ́ ńlá náà. Màámi a máa bá a ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Olófòófó ò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ó yá, lọ sọ fún wọn pé ọbẹ̀ mi jóná." Gbogbo wa a sì rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé ẹ̀yin gan-an ni Olófòófó yẹn ń gbèjà. Bí èéfín bá pọ̀, ilé-iṣẹ́ á mọ̀ pé àdògán ti bàjẹ́, wọn ò sì ní sanwó lórí rẹ̀ títí a ó fi tún un ṣe. Kò pẹ́ tí amọ̀ inú àwọn àdògán náà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ọ̀gá mi pè mí, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bá a bá ní ká máa tún gbogbo ẹ̀ ṣe, iṣẹ́ yìí á kógbá sílé, ìwọ náà á sì lọ sílé. Ẹ̀rọ ò mojú èèyàn. Iná tí ò léèéfín ló ń wá. Bá a wá a." Ọgbọ́n àgbọ́njù tèmi, mo mọ ibi tí irú iná bẹ́ẹ̀ wà. Ìyàwó mi ń ṣe búrẹ́dì, gáàsì ló sì fi ń dáná. Mo wá ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń tú Olófòófó pé mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí ò ní nǹkan kan nínú ni mo sì ń so padà. Gbogbo tiyín ni mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò búrẹ́dì. Ìyàwó mi ní, "Kí lèyí?" Mo ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni.

Ìyá aránṣọ, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ dá mi dúró lójú títì, ẹ ní, "Ọmọ mi, èéfín yìí fẹ́ fọ́ mi lójú. Àbí Olófòófó ò tíì sọ fún wọn ni?" Mo ní, "Ó ti sọ, Mà. Wọ́n ń bọ̀." Ẹni tẹ́ ẹ ní kó fẹ́ yín lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo délé, mo jẹ búrẹ́dì gbígbóná, mo sì sùn dáadáa. Màámi ní tiẹ̀ ò ráhùn rí. Ó ń wúkọ́, ó ń nu àdògán kó lè máa dán, ó ní Kékeré òun ló gbé e wá.

Ibi tó burú jù rèé. Àwọn tó ń sanwó ní àwọn fẹ́ wá fojú ara wọn rí iṣẹ́. Ọ̀gá mi ní, "Mú wọn lọ sílé ẹni tí ò ní dójú tì wá." Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi amọ̀ tútù dí ibi tó là lẹ́yìn àdògán. Bí iná ṣe mú, amọ̀ náà já bọ́, èéfín sì ń rú jáde. Mo gbọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Màámi, ẹ jókòó síbí. Ẹ fi aṣọ yín bò ó, kí wọ́n má rí i." Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ṣé iṣẹ́ ẹ ni, Kékeré?" Mo ní, "Iṣẹ́ mi ni, Mà." Ó gbé àpótí ìjókòó ẹ̀, ó fẹ̀yìn dí i.

Wọ́n bi í léèrè títí. Gbogbo ẹ̀ ló ní ó dáa. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, omi ń bọ́ lójú yín." Ó ní, "Ayọ̀ ni." Mò ń wo ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n, mò ń wo bó ṣe pa ẹnu dé. Ǹ bá ti sọ pé ó tó. Ǹ bá ti ṣí fèrèsé. Ẹ̀rín ni mò ń rín. Ìgbà tí ọkọ̀ wọn ṣí ló tó la ẹnu, ikọ́ tó wá jáde ò sì dúró mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi, nílé ìwòsàn, ẹ bi mí pé kí ló ṣe Màámi lójijì. Mo ní òtútù ni. Bẹ́ ẹ ṣe jáde lọ ra omi, ó fà mí lápá, ó ní, "Mo fi eyín de ikọ́ náà mọ́lẹ̀. Wọn ò gbọ́, àbí?" Mo ní wọn ò gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ǹ bá ṣì dákẹ́, kí n má purọ́ fún yín. Àmọ́ lọ́jọ́ tá a sin ín, yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi tí ìròyìn ọ́fíìsì fi wọlé sórí fóònù mi. Àdògán Màámi wà níbẹ̀: iná jó dáadáa lónìí, kò séèéfín. Lọ́jọ́ tó wà lórí ibùsùn náà, wọ́n ní ó dáná. Títí di àná, Màámi ń dáná fún wọn.

Mo ti kó gbogbo ẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò búrẹ́dì. Lọ́la, mò ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sanwó. Ohun tí wọ́n bá fojú mi rí, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ ń wáṣẹ́, ọ̀gá yín lè fọgbọ́n kan hàn yín tó jọ pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó sídìí iná. Ẹ̀yin ìyá mi, Olófòófó yín wà nínú àpò yìí. Ẹ so ó padà, ẹ jẹ́ kó ké. Ti Màámi rèé lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ so ó mọ́ àdògán rẹ̀, ọwọ́ mi ò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbà á. Mi ò ní kẹ́ ẹ dárí jì mí lónìí. Ìyá aránṣọ, mo ti ń wò yín láti ìgbà tẹ́ ẹ ti fi gèlè bo ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ wú ikọ́ yẹn jáde. Ẹ má gbé e mì nítorí mi.