Ojú Tuntun Lẹ́yìn Ọkọ̀

Ibi tí mo ti ń dúró kí rewáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ìlú Gbájì ṣáájì bátìrì ọkọ̀ mi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya àgbàlagbà kan. Rewáyà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ de kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn ilé onítáyà àwọn méjèèjì, èyí tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ wọ́ lọ sinmi létí òkun.

"Bàbá Ìbejì, ẹ fi kámẹ́rà gbaṣẹ́ mi. Ṣebí èmi ni mò ń dúró lẹ́yìn tí ẹ bá ń ṣe rìfáàsì?"

"Orúnkún tó ń dùn ọ́ ni mo rò. Ó yá, lọ dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ká fi dán an wò."

Bàbá wọ ọkọ̀, Ìyá rọra lọ sẹ́yìn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara ilé náà. "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀... Ó tó!"

Ọkọ̀ dúró. Bàbá tẹjú mọ́ àwòrán tí kámẹ́rà ń gbé wá síwájú rẹ̀. Atẹ́gùn òkun ń mí láàrin igi àgbọn bí ẹni tó sùn. Bátìrì mi ti kún, àmọ́ ta ló fẹ́ dìde?

"Àbí kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ìbejì, àṣé o máa ń rẹ́rìn-ín tí o bá ń pè mí?"

"Ọjọ́ ti pẹ́! Mo ṣe bí ẹ ń rí mi nínú díńgí ni."

"Rárá o. Ohùn rẹ nìkan ni mo ń tẹ̀lé. Jọ̀ọ́, tún pè mí."