Ọjọ́ tí Aṣọ Òjòlá Ya

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ, kí sinimá tó dé, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ làwọn òṣèré fi ń gbé eré láti ìlú dé ìlú, Ọ̀jẹ́níran baba ńlá wa ló ń rán aṣọ eré fún wọn. Ẹ má wo ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà níwájú yín yìí. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Ó rán ọ̀bọ, ó rán ẹkùn, ajá ń gbó wọn. Ó mọ̀ ọ́n rán, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n rán. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ọba fẹ́ ṣọdún, ó ní òjòlá lòun fẹ́ wò. Ìgè, àbúrò Ọ̀jẹ́níran, ni yóò ṣe òjòlá náà. Ọ̀jẹ́níran wọ̀n ọ́n lórí ìdúró, ó gé aṣọ, ó rán an, ó rán ìpẹ́ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, Ìgè ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n wọ̀ ọ́ wò."

"Èmi tí mo rán ẹkùn?" ni Ọ̀jẹ́níran wí. "Lọ múra eré ẹ."

Ẹ gbọ́ o, òjòlá kì í dúró. Fífà ló ń fà. Nígbà tí Ìgè dojú bolẹ̀ níwájú ọba, níwájú àwọn àna rẹ̀, tó ní kóun ká ẹ̀yìn kóun fà síwájú, aṣọ ya láti ọrùn dé ìdí. Ìdí ọmọkùnrin hàn gbangba. Ọba gan-an fọwọ́ bojú. Àwọn èèyàn ní, "Ìgè ti jẹun jù, ó ba iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́."

Ọ̀jẹ́níran gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé ẹ̀bi òun ni. Ojú tì í, síbẹ̀ kò jẹ́wọ́. Ó jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ gbé ẹ̀sín náà lọ sílé. Ìgè ò ṣeré mọ́. Bó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á fọwọ́ di ìdí mú. Ikú yá ju ẹ̀sín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sín tó tọ́ sí ọ tí o wá dì ru ọmọ ìyá rẹ ńkọ́? Bí Ọ̀jẹ́níran bá mú abẹ́rẹ́, ìdí Ìgè ló ń rí. Ẹ̀yin lè rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, lọ́sàn-án gangan, ó wọ aṣọ òjòlá yíya náà, ó dojú bolẹ̀ lẹ́nu ọjà, ó ń fà. Ìdí tirẹ̀ náà hàn. Bó ṣe ń fà ló ń wí pé, "Ẹ̀bi Ìgè kọ́. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n lórí ìdúró. Èmi ni mi ò jẹ́ kó wọ̀ ọ́ wò." Ó fà títí dé ẹnu ọ̀nà Ìgè, orúnkún rẹ̀ ti bó.

Ìgè jáde síta, ó ní, "Ó há yín, àbí?"

"Ó há mi, àbúrò mi."

Ìgè bọ́ agbádá ọrùn rẹ̀, ó fi bo ìdí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láti ìgbà náà, nílé wa, ẹni tó bá rán aṣọ eré ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, á ṣe é bí òṣèré yóò ti ṣe é, lójú gbogbo ilé. A ó sì bi í pé, "Ó há ọ, àbí?" Kò gbọdọ̀ purọ́.

Ọládòkun, mo gbọ́ pé ṣòkòtò ẹlẹ́ṣin tí o rán fún àwọn onísinimá ya lára òṣèré lánàá, o sì ní òṣèré ló sanra. Má wolẹ̀. Lọ gbé e wá. Wọ̀ ọ́, kó o gun orí odó tó dojú dé yẹn bí ẹni gẹṣin.

Agbádá mi ti wà lọ́wọ́ mi.