Èmi Kọ́ Ni Mo Rin Ìrìn-Àjò Yẹn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun, n kò lè gbé e mì, n kò lè tu ú dànù. Ọmọbìnrin kan ló wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo fi mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ń fojú gbogbo wa rí màbo, mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwé kíkọ fún oyè kejì ní yunifásítì, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nìkan. Ìwé ìrìn-àjò ni mo yàn, èyí tó jẹ mọ́ omi, igbó àti ẹyẹ. Kí n lè rí nǹkan jẹ, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke kan ní Sáńgò. Tí a bá ti wọlé láàárọ̀, wọ́n á ti géètì mọ́ wa, ó di ìrọ̀lẹ́. Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ gbàyè, sùpáfáísọ̀ wa á ní, "Tó o bá lọ, má padà wá o."

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa sì ti là á mọ́lẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ jókòó sílé ká máa hùmọ̀ ìrìn-àjò. Kí oníkálùkù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Èmi dà? Jójú sí Sáńgò, Sáńgò sí Jójú, ayé mi ò ju ìyẹn lọ.

Nínú ilé tí mo háyà yàrá sí ní Jójú, Bàbá Ràṣídì ni yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọmọ Ìwó ni, káfíńtà ni, kò mọ̀wé rárá. Ṣùgbọ́n nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó bá wọn tu ìtì gẹdú lójú omi, láti etí omi Ìjẹ̀bú títí dé Èkó. Wọ́n á so àwọn ìtì igi náà pọ̀, wọ́n á pàgọ́ sórí wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Háà, ẹnu bàbá yìí dùn! Ó mọ ẹyẹ tó ń ké kí òjò tó dé. Ó mọ bí omi ṣe ń yí àwọ̀ padà níbi tí odò ti ń wọ ọ̀sà.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń jókòó tì í níbi tó ti ń fá pákó, tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, orúkọ yín á wà nínú ìwé mi o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ṣá?"

Ọlọ́run ń gbọ́, mo ní in lọ́kàn nígbà yẹn. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó tí mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo wà lórí gẹdú. Èmi ni mo gbọ́ ẹyẹ. Èmi tí n kò lè lúwẹ̀ẹ́! N kò dárúkọ Bàbá níbì kankan, torí bí ọ̀gá bá mọ̀ pé n kò lọ, ó parí nìyẹn. Wọ́n yìn mí, wọ́n fún mi ní oyè.

Èyí tó burú jù rèé, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá ní kí n wá ka ìwé náà fún òun. Ó pe ará ilé jọ, ó dé fìlà tó fi ń lọ kírun Jímọ̀. Mo ṣí ìwé, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, gbogbo ibi tí mo ti fi ara mi sí, mò ń dárúkọ Bàbá Ràṣídì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Mo wà nínú ìwé!" Ó gba ẹ̀dà kan lọ́wọ́ mi, ó sì gbàdúrà lé mi lórí. Mo ṣe àmín, ojú sì ń tì mí.

Kò pẹ́ tí mo fi kó kúrò ní Jójú. Ìwé yẹn ló fún mi níṣẹ́ olùkọ́ tí mò ń ṣe títí dòní. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń sọ pé, "Mà, ẹ mú wa dé ojú omi yẹn." Ọdọọdún ni mò ń wá àwáwí: orúnkún ń dùn mí, òjò ti pọ̀ jù. Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lọ, oyè lọ. Bí mo bá dákẹ́, n kò ní ìsinmi. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí.

Ọmọbìnrin tó wá bá mi, Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọmọ Bàbá ni. Bàbá ṣì wà láàyè, àmọ́ ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó mú ìwé náà fún ọmọ yìí pé kó máa kà á fún òun ní Yorùbá. Sìdíkátù wá orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà títí, kò rí i.

Ó ní, "Mo fẹ́ sọ fún wọn, Mà. Wọ́n ti na etí sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bá fi orúkọ wọn sí i."

Ó ti tó ọdún kan tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá ti kírun tán. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó kàn ní, "Mi ò parọ́ fún wọn rí láyé mi. Ìgbà wo lẹ máa wá gba irọ́ yìí lọ́wọ́ mi, Mà?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ sọ òótọ́ fún arúgbó tí kò ní ayọ̀ mìíràn mọ́? Àbí kí n dákẹ́, kí ọmọ ọlọ́mọ máa bá mi parọ́ lọ? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀la ni Jímọ̀.