Ó Ní Òun Jáde Díẹ̀

Má fún mi lómi, òùngbẹ kọ́ ló gbé mi wá. Jókòó kí o wò mí lójú, torí ìwọ gan-an ni mo wá bá. Ìwọ lo kọ̀wé sí gbogbo ayé pé ẹ ń kó àpótí ímeèlì yín kúrò nínú ẹ̀rọ àtijọ́ sínú tuntun, pé kí a tó ṣẹ́jú lẹ́tà á tún ti máa wọlé, pé kò séni tó máa mọ̀ ọ́n lára. Èmi kì í ṣe ènìyàn ni?

Ọmọ mi tó máa ń jókòó nídìí tábìlì yẹn, tí ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń pín búrẹ́dì jẹ, ọjọ́ tó fẹ́ lọ rí dókítà ló kọ ọ̀rọ̀ kan sínú àpótí rẹ̀ kí àpótí náà máa fi dá ẹni tó bá kọ̀wé sí i lóhùn fúnra rẹ̀: "Mo jáde díẹ̀. Màá dá yín lóhùn tí mo bá dé." Kò dé. Ojú ẹ ló ṣe, o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bo erùpẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò mọ̀ pé ó ti kú. Màá kọ sí i pé òrùlé ń jò, pé àbúrò rẹ̀ ti bímọ, bí mo bá ti fi ránṣẹ́ báyìí, fóònù á dún lọ́wọ́ mi, òun nìyẹn, ó jáde díẹ̀. Ìgbà náà ni màá tó rí oorun sùn. Àwọn ará ilé ní orí mi ti ń dàrú. Kó dàrú, ṣebí orí mi ni.

Láti ìgbà tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yín, mo kọ̀wé, ó dákẹ́. Mo tún kọ, ó dákẹ́. Láàárọ̀ yìí ni ẹ̀rọ tuntun yín wá dá mi lóhùn bí àjèjì, ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Níbí yìí? Níbi tó ti fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́? Ṣé ẹ fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?

Kí lo wí? Pé ti àwọn tó wà láàyè lẹ kó kí iṣẹ́ má baà dúró, pé àpótí tí kò sẹ́ni tó ń ṣí i, ẹ fi í sílẹ̀. Mo gbọ́. Pé wàá bá mi tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ sínú tuntun, bó ṣe wà gẹ́lẹ́? Kí n máa kọ̀wé sí ọmọ mi, kó jẹ́ ìwọ ni wàá máa dá mi lóhùn? Ká má rí i.

Ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ńkọ́, èyí tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ, tí iná pupa ń tàn lára rẹ̀? Má wolẹ̀. Ṣé inú rẹ̀ ni àpótí ọmọ mi ṣì wà? Òní náà lẹ sì fẹ́ pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́?

Ó dáa. Mo ti fa àga mi sún mọ́ ọn, ẹsẹ̀ mi sì ti wà lórí wáyà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fà á yọ, kó kọ́kọ́ gbé èmi àgbàlagbà kúrò níbí. Bá mi so àpótí rẹ̀ padà. Fóònù mi rèé, mo ti kọ̀wé sí i pé mo wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, mò ń dúró dè é.

Ìwọ ọ̀rẹ́ ọmọ mi, ó ní òun ń bọ̀ ni. Kò sọ fún mi rí pé òun ò wá mọ́. Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ ọn.