Ọjọ́ tí Àwọn Ọlọ́kadà Gbé Àwa Sójà Àtijọ́

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí eyín pé sí mi lẹ́nu, alùpùpù tó wà ní gbogbo Àgbádárìgì yìí, ẹ ó fi ìka ọwọ́ kan kà á tán. Ti fádà ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀. Ti wolé-wolé wà níbẹ̀. Ti ọkùnrin kan tó máa ń ra àgbọn gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn ará etíkun… ó pupa fòò, alùpùpù ọ̀hún. Tí a bá ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, a ó sáré jáde, a ó máa pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá wa á máa pariwo pé, "Ẹ kúrò lójú ọ̀nà! Ẹ kúrò lójú ọ̀nà!" Ẹ wo ìta báyìí. Ṣé ẹ lè ka tòní? … Àmínà ọmọ ọmọ mi, ṣé fóònù tí o fi ń gba ohùn mi sílẹ̀ yẹn ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ? Ó ń gbọ́? Ó dáa.

Ẹ ní kí n sọ ti ọjọ́ tí àwọn ọlọ́kadà gbé àwa sójà àtijọ́. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ kọ̀ kí wọ́n gbé mi, ẹ ò sì lè mọ ìdí tí mo fi kọ̀ láìmọ Hùnsù. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Hùnsù, ọmọ Gbẹ̀rẹ̀fú ni, lódì kejì ọ̀sà. Ọmọ apẹja, Ègùn pọ́ńbélé. Bàbá tèmi ń ta aṣọ ní ọjà Agbálátà, ìyá Hùnsù sì máa ń gbé ẹja wá síbẹ̀. Abẹ́ àtẹ la ti jọ ń ṣeré. Ó kọ́ mi ní Ègùn, mo kọ́ ọ ní Yorùbá. Títí a fi darúgbó ni mò ń sọ fún un pé Yorùbá rẹ̀ ń rùn bí ẹja. Á rẹ́rìn-ín. Kì í bínú.

Ogun Bìáfúrà wá dé. Wọ́n ń gba ọkùnrin síṣẹ́ sójà. Bàbá mi ní, "Múráínà, ta ni yóò wá jókòó ti àtẹ yìí?" Mo ní mi ò mọ̀. Ẹ gbọ́, ọ̀dọ́ ò mọ nǹkan kan. Èmi àti Hùnsù, ọjọ́ kan náà la lọ, inú ọkọ̀ kan náà.

Wọ́n fi Hùnsù sáàárín àwọn tó ń gbé ìbọn. Èmi, wọ́n ní mo kàwé díẹ̀, kí n máa fi alùpùpù gbé ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan lọ bá ọ̀gá mìíràn. Sájẹ́ńtì kan ló kọ́ wa, ará òkè Ọya, ó ga, ó gbẹ. Kò ní jẹ́ kí o fọwọ́ kan alùpùpù tí akoto ò bá sí lórí rẹ. Akoto irin ni o, ohun tí ẹ̀yin ń pè ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ó wúwo, ooru inú rẹ̀ lè se iṣu. Ẹnì kan nínú wa ní, "Sájẹ́ńtì, ọta ìbọn á sáà gba inú rẹ̀ kọjá." Sájẹ́ńtì ní, "Ìbọn máa ń tàsé. Ilẹ̀ kì í tàsé."

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Àwa tí a jọ ń gun alùpùpù, àwọn tí ilẹ̀ pa pọ̀ ju àwọn tí ìbọn pa lọ.

Odò kan wà lọ́hùn-ún, mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. À ń sọdá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ wa dojú dé. Èmi ò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọmọ Àgbádárìgì tí kò mọ omi í wẹ̀! Ìdí àtẹ aṣọ la bí mi sí, kí ló kàn mí kan omi? Hùnsù fi eyín di kọ́là aṣọ mi mú, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lúwẹ̀ẹ́. Báyìí ló ṣe wọ́ mi dé etí odò. Nígbà tí mo bi omi tán, tí mo lajú, ó ní, "Múráínà, aṣọ rẹ korò."

Ogun parí, a padà wálé. Ta ló kí wa? Kò sẹ́ni tó ń kí sójà tó tojú ogun dé nígbà náà. Wọ́n ń bẹ̀rù wa ni. Tí o bá sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀, wọ́n á ní ogun ti wọ̀ ọ́ lórí. Hùnsù padà sórí omi. Èmi ríṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba, mo tún ń gun alùpùpù mi, pẹ̀lú akoto. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò ṣí i lórí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Hùnsù máa ń sọdá ọ̀sà. Kì í ṣe mùsùlùmí o. Ìta mọ́ṣáláṣí ló máa ń dúró sí pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́ títí n ó fi kírun tán. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó wú, mi ò lè rìn, mi ò lè lọ sí Jímọ́ọ̀. Hùnsù gbọ́. Lọ́sàn-án gangan, ó sọdá, ó gun ọ̀kadà létí omi pé kó gbé òun wá sí Ìbẹ̀rẹ̀kò níbí wá wò mí. Ẹni tó gbé e, Hákíìmù lorúkọ rẹ̀, kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún. Dípò kó lọ yí níbi tí wọ́n ti ń yí, ó gba wọ̀n-wéè, ó ń kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Típà tó kó yanrìn ń bọ̀ níwájú. Hákíìmù yà fún un, táyà yọ̀, Hùnsù sì fi orí sọ etí gọ́tà.

Mo gbọ́ ariwo ọ̀hún láti orí àga tí mo jókòó sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Mo ní, "Àwọn ọlọ́kadà tún ti dé nìyẹn." Mi ò mọ̀ pé òun ni.

Ọjọ́ kẹta ló kú. Ogun ò pa á. Omi ò pa á. Ojú ọ̀nà ló pa á, níbi tí kò ju ká ju òkò láti ilé mi lọ.

Apá Hákíìmù ló dá, kò sí nǹkan míì tó ṣe é. Nígbà tí à ń sin Hùnsù ní Gbẹ̀rẹ̀fú, ibi tí wọ́n gbé mi lọ, mo rí Hákíìmù tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán láàárín àwọn igi àgbọn, tó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn. Mo na ọ̀pá mi sí i. Mo ní, "Kúrò níbẹ̀ yẹn!" Ó kúrò. Láti ọjọ́ náà, mi ò gun ọ̀kadà mọ́. Tí wọ́n bá ní, "Bàbá, ṣé kí n gbé yín?" màá wo ibòmíràn. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí ni mo ń fi rìn lọ rìn bọ̀. Ẹ̀yin náà ń bi mí nígbà náà pé kí ló dé.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọdún tó kọjá, ọdún ti ń lọ sópin, ọkùnrin mẹ́ta wọlé wá bá mi ní àárọ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó wà láàárín ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

Ó ti hu irùngbọ̀n, ó ti sanra. Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́. Kí lo wá ṣe?"

Hákíìmù ti di olórí àwọn ọlọ́kadà àdúgbò yìí. Ó ní ọjọ́ tí ìjọba fi ń rántí àwọn ológun ń bọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní. Ó ní àwọn fẹ́ fi alùpùpù gbé gbogbo àwa sójà àtijọ́, láti Ìbẹ̀rẹ̀kò títí dé Agbálátà, jẹ́jẹ́, kálukú pẹ̀lú hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kí ará ìlú rí wa kí wọ́n kí wa, kí àwọn ọlọ́kadà náà sì rí bí wọ́n ṣe ń gun ún.

Mo ní, "O fẹ́ gbé mi lọ síbi tí o gbé Hùnsù lọ?"

Àwọn méjì yòókù wolẹ̀. Hákíìmù wá kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Lọ́jọ́ yẹn, kí bàbá tó gùn ún, wọ́n bi mí léèrè. Wọ́n ní, 'Ọmọ, akoto dà?' Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Bàbá, ibi tí à ń lọ ò jìnnà.'"

Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀…

Ẹ ṣeun. Ẹ gbọ́, mi ò pariwo. Mo kàn ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, mi ò lè jẹ ẹ́. Hùnsù béèrè. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ sájẹ́ńtì wa lẹ́nu mi láìmọye ìgbà, ó sì béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, èmi tí ẹ̀rù omi ń bà. Mo lọ bá Ìyá Màútín, ìyàwó Hùnsù. Ó ń pa àgbọn lójúde. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ tó wúwo tí mo fẹ́ sọ fún un. Mo sọ ọ́. Kò gbé orí sókè.

Ó ní, "Mo ti mọ̀. Hákíìmù ti sọ fún mi, ó ti pẹ́. Ọdọọdún ló ń wá síbí. Òun ló pààrọ̀ páànù òrùlé yẹn."

Mo ní, "Ìyá Màútín, o ò sì sọ fún mi?"

Ó ní, "Ṣé ẹ máa ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ níwájú yín ni? Mo bínú, Bàbá. Mo bínú títí, ó rẹ̀ mí. Ìbínú ò dá ọkọ mi padà. Hákíìmù ti wá sọ ti ọjọ́ sójà yẹn fún mi. Èmi máa gùn ún. Èmi ni n ó jókòó síbi tí ọkọ mi ì bá jókòó sí."

Ojú tì mí. Tí opó bá ní òun ó lọ, èmi ta ni tí n ó jókòó sílé?

Báyìí ni ọjọ́ náà ṣe pé. Àwa sójà àtijọ́ tó ṣẹ́kù lágbègbè yìí ò pọ̀ mọ́. Ọ̀kan ò ní ẹsẹ̀ kan, wọ́n fi gèlè dì í mọ́ ẹni tó ń gbé e. Ọ̀kan ò ríran mọ́, ó ń bi wá ṣáá pé àwọ̀ wo ni akoto tí wọ́n dé fún òun. Àwọn ọlọ́kadà tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n so aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun mọ́ ọwọ́ alùpùpù. Ìyá Màútín ní òun ò ní jókòó ní ẹ̀gbẹ́ bí àwọn obìnrin kan ti ń ṣe. Ó wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ sábẹ́ ìró, ó gbá fọ́tò Hùnsù mọ́ àyà.

Hákíìmù ló ní òun máa gbé mi. Ó dé akoto fún mi, ó ń so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n mi. Mo ní, "So ó dáadáa."

A gbéra, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ru garawa omi tó kún dé etí. Àwọn ènìyàn jáde. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù dìde. Ọkùnrin kan tó ń ṣe táyà fi ọwọ́ tó kún fún gírísì kí wa bíi sójà. Ogun tí a jà láti ìgbà ọ̀dọ́… ọjọ́ yẹn ni àjèjì kọ́kọ́ kí mi fún un.

Nígbà tí a dé ibi tí Hùnsù ṣubú sí, gbogbo wọn dúró. Wọ́n pa ẹ́ńjìnì. Hákíìmù gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó fẹ́ bá àwọn ọlọ́kadà sọ̀rọ̀. Ìyá Màútín nawọ́ gbà á. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ègùn, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ní, "Ọkọ mi ló béèrè akoto níbí. Ẹ má jẹ́ kí èrò yín tún béèrè kí ẹ tó fún un."

Ó dá ẹ̀rọ ọ̀hún padà fún Hákíìmù. A tẹ̀ síwájú lọ sí Agbálátà.

Ṣé gbogbo wọn ló wá ń lo akoto? Rárá. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Àwọn kan ń lò ó. Àwọn kan gbé e kọ́ ọwọ́ alùpùpù bí ìgbà tí èèyàn bá gbé agbè kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ẹnì kan tó gbé èrò mẹ́ta, ó tún ń tẹ fóònù. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ wa níbí, tí o bá ní o ò dé akoto, wọn ò ní gbé ọ. Àwọn obìnrin ń ṣàròyé pé ó ń ba irun àwọn jẹ́. Hákíìmù máa ń fún wọn ní ọ̀rá kí wọ́n fi bo irun.

Àmínà, o bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá mo ti dárí jì í. Mi ò mọ̀. Òótọ́ ni mò ń sọ fún ọ. Ọjọ́ míì wà tí mo máa jí, tí màá tún bínú sí i. Ṣùgbọ́n òun ló ń gbé mi lọ sí Jímọ́ọ̀ báyìí, ọ̀sẹ̀ kan ò yẹ̀ ẹ́. Ó máa ń rọra lọ débi pé ó ń sú mi. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó lọ, mo ní, "Hákíìmù, yára díẹ̀, ìmáàmù á ti bẹ̀rẹ̀ wáàsí." Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pẹ́ dé."

Ẹ ò rí i? Ta ló tún ń fẹ́ pẹ́ dé láyé ìsinsìnyí? Mo ń jókòó síwájú ilé yìí, mo ń wò yín, tọkùnrin tobìnrin, ẹ̀ ń sáré kọjá bí afẹ́fẹ́ òkun. Nígbà tiwa, tí a bá sáré bẹ́ẹ̀, ìbọn ló ń lé wa. Ẹ̀yin… kí ló ń lé yín?