Bàbá Tá A Ṣẹ̀

Nínú bọ́ọ̀sì Kubwa láàárọ̀, màmá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọ̀dà wà lára ṣòkòtò ẹ̀ jókòó sẹ́yìn mi.

"Màmá, mi ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo ti ṣẹ Ọlọ́run jù."

"Tó o bá ṣẹ bàbá ẹ nílé ńkọ́?"

"Màá wá àgbà tó máa ṣíwájú mi lọ bẹ̀ wọ́n, èmi á dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn."

"Ti Ọlọ́run yàtọ̀. Bàbá tá a ṣẹ̀ ló rán ọmọ ẹ̀ wá bẹ̀ wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú èmi náà yíjú. Bá a ṣe ń kọjá Gwarinpa, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọjú sí màmá náà.

"Kai! Ìyẹn ni pé èmi ni mo wá ń yan Ọlọ́run lódì?"

"Ìwọ ni o! Ó ti pẹ́ tí Ọlọ́run ti ń bẹ̀ ẹ́."